Èsì: Ibo ni eré ìje alùpùpù speedway ti ṣẹ̀?

Ẹ kú ìbéèrè o. Ẹ ní ṣé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló dá speedway sílẹ̀, àti pé ṣé ẹgbẹ́ ti wà láti ìbẹ̀rẹ̀. Rárá ni èsì méjèèjì.

Ọsirélíà ni wọ́n sábà máa ń tọ́ka sí. Ní December 15, 1923, Johnnie Hoskins fi ìje alùpùpù kún àríyá alẹ́ kan tí wọ́n ṣe lábẹ́ iná mànàmáná ní ìlú West Maitland. Lóòótọ́, wọ́n ti ń fi alùpùpù sáré lórí ìyẹ̀pẹ̀ ní Amẹ́ríkà ṣáájú ìgbà náà, àmọ́ ọ̀dọ̀ àwọn ará Ọsirélíà ni ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti gbà á. Ní February 19, 1928, nígbà tí wọ́n ṣe ìje speedway ní High Beech, nínú igbó Epping ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, èrò ya bo ibẹ̀ kọjá ohun tí ẹnikẹ́ni retí.

Ní 1929 ni àwọn ẹgbẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ líìgì méjì, ọ̀kan fún gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀kan fún àríwá. Nígbà tí líìgì kan ṣoṣo wá kó wọn pọ̀ ní 1932, Wembley Lions ló gbà á. Lẹ́yìn ìyẹn, Belle Vue Aces ti Manchester gba ife náà lẹ́ẹ̀mẹrin léraléra, 1933 sí 1936. Lójú tèmi, kò sí ẹgbẹ́ tó tó wọn láyé ìgbà yẹn.

Ohun tó mú mi fẹ́ràn eré yìí jù ni pé alùpùpù náà kò ní bíréèkì rárá. Tó bá dé kọ́nà, awakọ̀ á jẹ́ kí táyà ẹ̀yìn yọ̀ gbàrà, á sì fi ẹsẹ̀ òsì wọ́lẹ̀, láìdẹwọ́ iná!