Àgò Kí A Tó Da Omi Sílẹ̀

Ìbéèrè

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ojúmọ́ o. Ìlú Leeds la wà. Màmá mi wá kí wa láti Òṣogbo lóṣù tó kọjá. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ da omi gbígbóná sílẹ̀ lẹ́yìnkùlé, wọ́n á kọ́kọ́ ké "Àgò o!" Kẹ́hìndé mi, ọmọ ọdún mẹ́jọ, ti mú un lò. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá, ó ṣe é níbi tí wọ́n ti ń fọ abọ́ lẹ́yìn ìsìn, ni olùkọ́ ọmọdé wọn bá ní òrìṣà ló ń bọ. Ó délé, ó bi mí pé, "Mọ́mì, ṣé ilẹ̀ ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ni?" Ẹnu mi wọhò. Màmá sì ti padà sílé. Kí ni kí n sọ fún ọmọ yìí?

Ìyá Ìbejì

Èsì

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ẹ bá mi kí Màmá dáadáa. Houston ni èmi ń gbé, Ìbàdàn ni wọ́n ti bí mi, Mùsùlùmí sì ni mí. Kò sí ojúbọ kankan tí mò ń polówó.

Ẹ kọ́kọ́ bi Kẹ́hìndé pé kí ló máa ń ṣe tó bá fẹ́ wọ yàrá yín. Yóò ní òun á kan ilẹ̀kùn. Àgò náà nìyẹn. Nílé wa, ẹni tó bá dé ẹnu ọ̀nà á ní "Àgò onílé o," àwọn tó wà nínú ilé á ní "Àgò yà." Mi ò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni pe ìyẹn ní ìbọ̀rìṣà. Tí Màmá bá ń da omi sílẹ̀ lálẹ́, ọmọ aládùúgbò lè lúgọ síbẹ̀ kó máa tọ̀, ọ̀pọ̀lọ́ lè wà níbẹ̀, ohun tí ojú wa ò rí náà lè wà níbẹ̀. Gbólóhùn kan náà ni wọ́n fi ń tọrọ ọ̀nà lọ́wọ́ gbogbo wọn. Èyí gan-an ló wù mí níbẹ̀, pé èèyàn àti ọ̀pọ̀lọ́ ń jẹ nínú ọ̀wọ̀ kan náà.

Nígbà tó jẹ́ ọmọ Òṣogbo ni yín, ẹ jẹ́ kí n fi ìtàn yín ṣe é. Nígbà tí ọ̀dá omi lé Láròóyè àti Olútìmẹ́hìn, àwọn tó tẹ Òṣogbo dó, kúrò ní Ìpólé, tí wọ́n dé etí odò Ọ̀ṣun, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gé igi kí wọ́n lè tẹ̀dó. Igi kan wó lu odò, ni ohùn kan bá ké láti inú omi pé wọ́n ti fọ́ gbogbo ìkòkò aró òun tán. Ẹ ò rí i? Ìyá aláró kan jókòó jẹ́jẹ́ nílé rẹ̀, àlejò tí kò kágò wá wó igi lé e lórí. Àdéhùn ló sì gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀ náà: kí wọ́n sún sókè, kí wọ́n fi etí odò sílẹ̀ fún un. Etí odò yẹn ló di Igbó Ọ̀ṣun, hẹ́kítà 75 tí wọn kì í gé igi rẹ̀, tí wọn kì í dọdẹ tàbí pẹja níbẹ̀. Ní 2005, UNESCO kọ ọ́ mọ́ ara ogún àgbáyé. Àtáọ́jà, ọba Òṣogbo, tó gorí oyè ní 2010, Jimoh ni orúkọ rẹ̀. Ẹ mọ irú ilé tí wọ́n ti ń sọ ọmọ ní Jimoh.

Ní Ìbàdàn tiwa, a ò sún sókè. A kọ́lé sí etí odò Ògùnpa, a ń da pàǹtí sínú rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí lọ́jọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980 tí odò náà wá bá wa nílé. Bàbá mi gbé mi kọ́rùn, mo sì ń wo ìkòkò ọbẹ̀ ìyá mi tó ń léfòó lọ, ìdérí rẹ̀ ṣì wà lórí rẹ̀. Tí mo bá gbọ́ ìtàn ìkòkò aró, ìkòkò ọbẹ̀ yẹn ni mo máa ń rí.

Mo rò pé mo ti fi omíyalé sílẹ̀ nílé, àfi ìgbà tí ìjì Harvey dé síbí lóṣù kẹjọ 2017. Ní ìwọ̀-oòrùn Houston, wọ́n ti kọ́ ilé rẹpẹtẹ sórí ilẹ̀ tí omi máa ń kún sí lẹ́yìn dáàmù Addicks àti Barker. Omi padà wá sílé rẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ tó wọ ilé tiwa, aládùúgbò kan tí mo kàn máa ń juwọ́ sí láti inú mọ́tò ló wá kan ilẹ̀kùn. Òkè ilé rẹ̀ la sùn fún ọjọ́ mẹ́rin. Ibẹ̀ ni mo ti mọ orúkọ rẹ̀. Ọdún mẹ́fà ni mo ti gbé ládùúgbò yẹn láìkágò.

Ẹ má ba olùkọ́ yẹn jà. Ẹ kàn rán an létí Mósè, tí Ọlọ́run ní kó bọ́ bàtà nítorí ilẹ̀ tó dúró lé. (Àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Bahia ní Brazil àti sí Cuba pàdánù ọ̀pọ̀ nínú èdè wa, ṣùgbọ́n àgò ṣì wà lẹ́nu àwọn ọmọ wọn títí dòní.) Bí Kẹ́hìndé bá sì dàgbà díẹ̀, ẹ má fi adùn nìkan bo ìtàn Òṣogbo fún un. Láti ọdún mélòó kan, omi Ọ̀ṣun ti pọ́n bí amọ̀ nítorí àwọn tó ń wa wúrà lókè odò nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Òṣogbo pa àdéhùn tiẹ̀ mọ́, àwọn kan ń fọ́ ìkòkò lókè.

Àkọ́bí mi bi mí nírú ìbéèrè yìí rí. Mo ní àwọn àgbà kàn fi ń dẹ́rù ba ọmọdé ni. Ó ti lé lógún ọdún báyìí, kò sì bi mí ní nǹkan kan nípa ilé mọ́. Nígbà tó kan àbíkẹ́yìn, mi ò ṣàlàyé rárá. Mo gbé omi ìrẹsì lé e lọ́wọ́ lẹ́yìnkùlé, mo ní kó kágò, kó dúró, kó wo ohun tó máa yà. Ó pẹ́ díẹ̀, aláǹgbá kan yọ lábẹ́ ewúro, ó sáré gba ìdí ògiri lọ.

"Dádì," ló wí, "ó dáhùn!" Kò dà á síbẹ̀síbẹ̀. Ó tún ń wò bóyá òmíràn ṣì kù, títí omi náà fi tutù.