Fókáàsì ìwé ìròyìn tí ò yé yín

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ní fókáàsì ojú ọjọ́ tí wọ́n ń kọ lédè Gẹ̀ẹ́sì sínú ìwé ìròyìn ò yé yín. Ẹ pa díkíṣọ́nárì tẹ́ ẹ ní ẹ ń fi wo ọ̀rọ̀ fókáàsì ìwé ìròyìn lọ́kọ̀ọ̀kan yẹn tì ná, gbólóhùn NiMet (iléeṣẹ́ ìjọba tó ń sọ bí ojú ọjọ́ ṣe máa rí) kì í pọ̀, àwọn kan náà ni wọ́n ń pààrọ̀, torí náà odidi ni kẹ́ ẹ máa kà á, bíi prospects of isolated thunderstorms (ó ṣeé ṣe kí òjò àti àrá wà níbì kọ̀ọ̀kan).

Tẹ́ ẹ bá rí inland cities of the South (àwọn ìlú Gúúsù tí ò sí létí òkun), àwa ará Ògbómọ̀ṣọ́ wà níbẹ̀. Ẹ ka ti àárọ̀, ẹ wojú ọ̀run, kẹ́ ẹ fi bírò kọ ohun tẹ́ ẹ rí gan-an sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ lédè Yorùbá (bí òjò tí wọ́n ní ò bá tiẹ̀ rọ̀, ẹ ṣáà kọ ọ́).

Àmọ́ àsìkò òjò nìyẹn dáa fún o, tọ́yẹ́ bá ti dé, dust haze (eruku tó bo ojú ọ̀run) ṣáá lẹ máa máa kà.