Ẹyọ bátìrì kan fún ATtiny85: kí ló dé tí iná ò fi tàn?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ṣe iná kékeré kan sí ẹnu ilẹ̀kùn ilé adìyẹ mi. ATtiny85 (ṣíìpù kékeré tí à ń kọ kóòdù sí) ló ń darí rẹ̀, LED funfun kan ló sì ń ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún márùn-ún. Tí mo bá fi bátìrì rìmóòtù (AA) méjì sí i, ó ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹyọ kan ṣoṣo ni àpótí rẹ̀ gbà, mo sì fi ẹyọ kan sí i, ó dákẹ́ jẹ́ẹ́. Bátìrì tuntun ni o! Kí ni mo lè ṣe?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, kò sí ohun tó ṣe bátìrì rẹ. Ṣé o mọ táńkì omi tí wọ́n gbé kalẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀, tó kún dẹ́nu, síbẹ̀ tí ẹ̀rọ omi òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kò kán tó? Omi wà, kò kàn ga tó ni. Fọ́ltì ni gíga yẹn.

Ẹyọ bátìrì rìmóòtù tuntun jẹ́ fọ́ltì 1.5; èyí tí à ń ṣáàjì jẹ́ 1.2. ATtiny85 lásán ń fẹ́ 2.7 ó kéré tán. Ọmọ ìyá rẹ̀, ATtiny85V, lè fara mọ́ 1.8, ìyẹn náà ṣì ju agbára ẹyọ kan lọ. LED funfun ní tirẹ̀ ń fẹ́ bíi 3. (Wo ẹ̀yìn ṣíìpù rẹ: bí kò bá sí V níbẹ̀, bátìrì méjì tó ò ń lò yẹn yóò dáṣẹ́ sílẹ̀ nígbà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ṣì ní 1.35. O ó kàn máa da bátìrì tó ṣì dáa nù ni.)

Ohun tó ń gbé fọ́ltì sókè ni boost converter. Swíìṣì kan nínú rẹ̀ ń ṣí, ó ń padé, lẹ́gbẹẹgbẹ̀rún ìgbà láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bó bá padé, kọ́ìlì á gba agbára mọ́ra. Bó bá ṣí, kọ́ìlì á tì í jáde ní fọ́ltì tó ga ju ti bátìrì lọ. MCP1640, ọ̀kan lára irú ṣíìpù converter bẹ́ẹ̀, lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láti fọ́ltì 0.65. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀fẹ́. Bí iná rẹ bá ń jẹ mílíámpù 10 (mílíámpù ni ìwọ̀n bí iná ṣe ń ṣàn tó) ní fọ́ltì 3.3, tí converter sì ń fi ìdá 15 nínú 100 ṣòfò, bíi mílíámpù 32 ni yóò fà lára bátìrì tó wà ní fọ́ltì 1.2. Nígbà tí bátìrì bá fi máa já sí 0.9, ó ti di 43. Ẹni tó ti ń rẹ̀ la tún ń di ẹrù lé.

Ibi tó ti máa ń dun ènìyàn nìyí: ATtiny lè sùn, converter kì í sùn. Mo ra modúlù (converter tí wọ́n ti tò parí) olówó pọ́ọ́kú kan rí tó ní iná pupa kékeré lórí, láti fi hàn pé ó ń ṣiṣẹ́. Iná ìfihàn yẹn nìkan ń jẹ ju gbogbo iṣẹ́ mi lọ! Bí nǹkan bá ń fa mílíámpù 1 lára bátìrì 2000 mAh (mílíámpù lọ́nà wákàtí), wákàtí 2000 ni, ọjọ́ 83 péré. Ọ̀bẹ ni mo fi ṣí i kúrò. Nítorí náà, fi mítà wọn modúlù kó o tó lò ó. Tún yẹ kóòdù rẹ wò: bó bá jẹ́ delay(), àṣẹ tó ń dá kóòdù dúró fúngbà díẹ̀, lo lò, ATtiny rẹ kò sùn o, ń ṣe ló jókòó tó ń ka àáyá, tó sì ń jẹun.

Fi kápásítọ̀ 100 µF, tó ń tọ́jú iná díẹ̀ pamọ́, sí ẹnu bátìrì, kí fọ́ltì má baà já nígbà tí iná bá ṣẹ́jú.

Bó bá jẹ́ tèmi, mi ò ní yọ ara mi lẹ́nu pẹ̀lú converter rárá. Bátìrì lithium tí wọ́n ń pè ní 14500 fẹ́rẹ̀ẹ́ bá bátìrì rìmóòtù AA dọ́gba ní gígùn àti fífẹ̀, ṣùgbọ́n fọ́ltì 3.7 ló ní, 4.2 bó bá kún. ATtiny85 gbà tó 5.5, o lè so ó mọ́ ọn tààrà, kó o ṣáà fi resistor, tó ń dín iná tó ń ṣàn kù, sí LED. Ra èyí tó ní ààbò nínú, lo ṣájà tirẹ̀, kó o sì fi máákà kọ gàdàgbà sí i lára pé kì í ṣe ti rìmóòtù, kí àwọn ọmọ má lọ tì í bọ rìmóòtù tẹlifíṣọ̀n.