Ṣé kí n sanwó kí sáìtì mi lè gba 100?

Ìbéèrè: Ẹja yíyan ni mo ń tà ní Ẹ̀pẹ́. Sáìtì mi máa ń pẹ́ kó tó ṣí. Ẹnìkan fi PageSpeed Insights, ẹ̀rọ Google tó ń wọn bí sáìtì ṣe yá tó, yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní 38 ni mo gbà nínú 100. Ó ní tí mo bá sanwó, òun á sọ ọ́ di 100, màá sì bọ́ sókè lórí Google. Ṣé kí n san án?

Ìdáhùn: Ẹ má san kọ́bọ̀. Irú ìbéèrè yìí ti sú mi.

Ìdánwò lásán ni máàkì yẹn. Kọ̀ǹpútà Google kan ló ń ṣe bíi fóònù mẹ̀kúnnù tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ̀ ń fà, tó ṣí ojú ewé yín lẹ́ẹ̀kan péré. Ẹ tún un ṣe lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún, ó lè di 45. Google kì í sì í fi máàkì yìí to ẹnikẹ́ni sókè. Mo ti rí sáìtì tí wọ́n kọ kóòdù sí kó máa dá ẹ̀rọ ìdánwò mọ̀. Tó bá ti dé, wọ́n á gbé ojú ewé tó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo fún un. Bí ẹni gbálẹ̀ iwájú ilé de wolé-wolé ni! Ó gba 100, oníbàárà ṣì ń wo ojú funfun.

Òkè èsì PageSpeed Insights náà ni kí ẹ wò, níbi tí àkọsílẹ̀ àwọn tó lo sáìtì yín gan-an láàárín ọjọ́ 28 wà. (Tí èrò yín kò bá pọ̀ tó, kò ní sí.) LCP, ìyẹn àkókò tí ohun tó tóbi jù fi yọjú, kò gbọdọ̀ ju ìṣẹ́jú àáyá 2.5 lọ. INP ni bó ṣe ń yá dáhùn téèyàn bá tẹ bọ́tìnnì: kò gbọdọ̀ ju mìlísẹ́kọ́ńdì 200 lọ. Òun ló rọ́pò FID, òṣùwọ̀n àtijọ́ tó ń wo títẹ̀ àkọ́kọ́ nìkan, ní oṣù kẹta ọdún 2024. Ẹni tó bá ṣì ń ka FID fún yín, ó ti pẹ́ tó ti kàwé mọ.

Mo ṣí tiyín lórí fóònù mi ní Ìkòròdú níbí. Àwòrán ẹja tó wà lókè nìkan, mẹ́gábáìtì mẹ́fà! Bó ṣe jáde nínú kámẹ́rà lẹ ṣe gbé e síbẹ̀. Ẹ dín fífẹ̀ rẹ̀ kù sí píksẹ́lì 1200, kí ẹ sọ ọ́ di WebP, irú fáìlì àwòrán tó fúyẹ́. Ẹ má fi lazy loading (kí àwòrán dúró títí èèyàn á fi yí ojú ewé dé ibẹ̀) sí i o, ti ìsàlẹ̀ ni kí ẹ fi sí. Ẹ yọ àwọn àwòrán tó ń yí gbirigbiri yẹn náà.

Mi ò ṣèlérí ipò kankan lórí Google. Ẹ kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà sáìtì náà pamọ́ kí ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan kan. Tó bá dàrú, ẹ má ní èmi ni mo ní kí ẹ ṣe é.