Ṣé kí ọmọ ọdún 11 máa dá pààrọ̀ ọkọ̀ ní Sakae?

Ìbéèrè: Ẹ kú ojúmọ́ o, Ìyá Ìbejì. Ẹ̀yin tí ẹ ti pẹ́ ní Nagoya, ní Japan níbí, ni mo fẹ́ bi. Ìtòsí Nakamura Koen ni à ń gbé. Àkọ́bí wa obìnrin, ọmọ ọdún 11, ti rí kíláàsì ijó kan ní Kurokawa, ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú. Èmi á ṣì wà níbi iṣẹ́ nígbà yẹn, bàbá rẹ̀ á wà ní yunifásítì. Àwọn ọmọ ibí tí wọ́n jọ jẹ́ ẹgbẹ́ ń dá lọ, wọ́n ń dá bọ̀. Àmọ́ ó gbọ́dọ̀ pààrọ̀ ọkọ̀ ní Sakae, ibùdó ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀, ibẹ̀ sì dà bí ọjà Gbági lójú mi: èrò, ṣọ́ọ̀bù, ọ̀nà lọ́tùn-ún lósì. Tí mo bá sọ ọ́ fún màmá mi lórí fóònù, ẹkún ni wọ́n máa fi dá mi lóhùn. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí n jẹ́ kó lọ?

Ìdáhùn: Ìyá Mofẹ́, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ. Ẹ jẹ́ kó lọ. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe kọ́ ọ ní gbogbo Sakae o. Ọ̀nà tirẹ̀ nínú Sakae ni kí ẹ kọ́ ọ, ìyẹn ò sì gùn rárá.

Gbogbo ohun tó ń dẹ́rù bà yín níbẹ̀, ìta géètì tí wọ́n ti ń fọwọ́ kan káàdì ló wà. Àwọn ọjà abẹ́ ilẹ̀ bíi Sakaechika, Mori no Chikagai àti Central Park, ọ̀nà tó já sí Oasis 21, títí kan ibùdó Sakaemachi tó jẹ́ ti ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin mìíràn, Meitetsu, kò sí èyí tó kan ọmọ tó fẹ́ ti inú ọkọ̀ ìlà Higashiyama bọ́ sínú ti ìlà Meijo. Inú géètì ni ìlà méjèèjì ti pàdé. Láti 1957 ni ọkọ̀ Higashiyama ti ń dé ibẹ̀, ìlà kejì sì wá dábùú rẹ̀ ní 1965. Tó bá ti fọwọ́ kan géètì pẹ̀lú káàdì ní Nakamura Koen, kò tún gbọ́dọ̀ yọ káàdì náà títí yóò fi dé Kurokawa. Ẹ sọ ọ́ di òfin: tó bá rí géètì níwájú rẹ̀ ní Sakae, kó yí padà.

Ẹ má da kanji, ìkọ̀wé àwọn ará Japan, láàmú, nọ́ńbà ibùdó ni kó mọ̀. Ìlà Higashiyama ní àwọ̀ yẹ́lò àti lẹ́tà H, Meijo ní àwọ̀ elésè àlùkò àti lẹ́tà M. Nakamura Koen ni H04. Sakae ni H10, òun náà ló ń jẹ́ M05. Kurokawa ni M09. Tó bá ń lọ, nọ́ńbà á máa gòkè nínú ọkọ̀ méjèèjì. Tó bá ń bọ̀, á máa wálẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sí bébà kékeré, H04, H10, M05, M09, kí ẹ fi sí ẹ̀yìn àpò káàdì rẹ̀, kí ẹ sì kọ nọ́ńbà fóònù yín sí abẹ́ rẹ̀.

Ibi kan ṣoṣo tó ti lè ṣìnà ni Meijo. Láti 2004 ni wọ́n ti so ìlà yẹn pọ̀ yípo, ibùdó 28, kìlómítà 26.4, kò ní ìbẹ̀rẹ̀ kò lópin. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń kéde bóyá ọkọ̀ ń yí sọ́tùn-ún, migi-mawari, tàbí sósì, hidari-mawari. Tọ̀tún ni tirẹ̀ nígbà tó bá ń lọ. Kódà kí wọ́n kọ orúkọ ibùdó Ozone síwájú ọkọ̀, kó wọlé, torí Kurokawa ló ṣáájú. Tó bá ṣèèṣì wọ tòsì, M04 ló máa rí ní ibùdó tó kàn. Kó bọ́ sílẹ̀ níbẹ̀, kó wọ èyí tó ń padà. Kó má jókòó kọjá ibùdó Kanayama o, torí àwọn ọkọ̀ kan á yà níbẹ̀ lọ sí èbúté Nagoya. Ibi ìwòran ẹja tó wà lọ́hùn-ún dáa lóòótọ́, àmọ́ kì í ṣe ọjọ́ kíláàsì.

Bíbọ̀ ló rọrùn jù. Gbogbo ọkọ̀ tó ń yí sósì láti Kurokawa ló ń dé Sakae. Tó bá débẹ̀, kó wá àwọ̀ yẹ́lò, kó sì wọ èyí tó ń lọ sí Takabata. Ọkọ̀ Higashiyama ní kóòṣì kan tó jẹ́ ti àwọn obìnrin láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ ọjọ́ iṣẹ́. Ẹ fi ibi tó ń dúró sí hàn án, torí èrò máa ń há nígbà yẹn.

Ní ti káàdì, manaca, ìyẹn káàdì owó ọkọ̀, ti ọmọdé ni kí ẹ gbà fún un, kí ẹ mú ẹ̀rí ọjọ́ orí rẹ̀ dání. Ìdajì owó ló máa ń yọ títí ọmọ á fi parí alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ti ká já sójú irin ò lè wáyé bọ̀rọ̀, ìlẹ̀kùn wà létí pèpéle ìlà méjèèjì. Lórí àtẹ̀gùn oníná, kó dúró jẹ́ẹ́: láti oṣù Kẹwàá 2023 ni ìlú Nagoya ti ṣòfin pé kí ẹnikẹ́ni má rìn lórí rẹ̀. Tí ẹnì kan bá ń sáré kọjá, kò kàn án. Tí ojú rẹ̀ bá sì dà pátápátá, òṣìṣẹ́ wà nínú yàrá kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì. Kó na bébà yẹn sí i, kò dìgbà tó bá gbọ́ èdè.

Màmá yín ńkọ́? Ẹ jẹ́ kí Mofẹ́ fẹnu ara rẹ̀ ròyìn ọ̀nà náà fún wọn.

Kó tó bẹ̀rẹ̀, ẹ bá a lọ ní àárọ̀ Sátidé, àmọ́ òun ni kó ṣíwájú. Ẹ̀yìn ni kí ẹ máa tẹ̀ lé e, ẹ má nàka, ẹ má sì sọ̀rọ̀. Tó bá dúró síwájú pátákó tó ń wò ó, ẹ fún un láyè. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ tún un ṣe ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ iṣẹ́ kan, nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ bá ń jáde, torí irú èrò yẹn gan-an ló máa bá pàdé.