Ṣé mo lè mú kọ̀ǹpútà àtijọ́ sáré ju bí wọ́n ṣe ṣe é lọ, kí géèmù lè yá?

Ó sinmi lórí ṣíìpù (CPU, ọpọlọ kọ̀ǹpútà) inú rẹ̀. Intel tó ní K lẹ́yìn orúkọ, bíi i5-2500K ti ọdún 2011, ṣeé ṣe bí bọ́ọ̀dù tí ṣíìpù jókòó lé (motherboard) bá gbà: eré rẹ̀ tó jẹ́ 3.3GHz sábà máa ń dé 4.2GHz. Ọ̀pọ̀ Dell àti HP tòkunbọ̀ tí à ń rà l'Óṣogbo ni wọ́n ti tì pa, má wulẹ̀ da ara rẹ láàmú.

Bó bá gbà, wọ BIOS (ojú ètò tí à ń wọ̀ kí Windows tó bẹ̀rẹ̀), máa fi ọ̀kọ̀ọ̀kan kún multiplier (nọ́ńbà tó ń pinnu eré ṣíìpù), kí o sì máa ṣọ́ ìgbóná. Tó bá ti ń kọjá 80°C, padà sẹ́yìn. Ṣáájú, gbọn eruku ọyẹ́ inú fáànù dànù, kí o pààrọ̀ thermal paste (ìpara tó ń gbé ooru kúrò lára ṣíìpù) tó ti gbẹ. Lójú tèmi, káàdì gíráfíìkì (èyí tó ń gbé àwòrán géèmù jáde) tó dára ni kó o kọ́kọ́ náwó sí.