Ọmọ Mi Ń Hanrun, Etí Rẹ̀ Sì Ń Ṣọyún: Kí Ni Dókítà Etí, Imú àti Ọ̀fun Máa Ṣe fún Un?

ÌBÉÈRÈ: Dókítà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọkùnrin mi pé ọdún 5. Láti nǹkan bí oṣù 3 ni etí ọ̀tún rẹ̀ ti ń ṣọyún. Á gbẹ, á tún bẹ̀rẹ̀. Ó máa ń hanrun lálẹ́ bí àgbàlagbà, ẹnu rẹ̀ á là sílẹ̀. Nọ́ọ̀sì ilé ìlera àdúgbò wa kọ lẹ́tà pé kí n gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà etí, imú àti ọ̀fun ní UCH n'Íbàdàn. Ìyá ọkọ mi ní àdí gbígbóná ló máa wò ó. Ẹ̀rù sì ń bà mí pé iṣẹ́ abẹ ni wọ́n máa sọ. Kí ni kí n ṣe kí n tó lọ?

ÌDÁHÙN: Ẹ ǹlẹ́ o, màmá ọmọ. Ẹ gbé e lọ, ẹ má jẹ́ kó pẹ́. Àmọ́ iṣẹ́ kan wà tó jẹ́ pé ẹ̀yin nìkan lẹ lè bá wa ṣe é. Ọ̀sán ni ọmọ ń wá síwájú wa. Òru ló ń hanrun. Tó bá ti sùn wọra, ẹ tan iná, ẹ ṣí aṣọ àyà rẹ̀, kí ẹ fi fóònù ya fídíò rẹ̀ fún ìṣẹ́jú 2 tàbí 3. Ẹ wo àyà àti ikùn rẹ̀. Ṣé mímí rẹ̀ máa ń dáwọ́ dúró, tí gbogbo rẹ̀ á pa lọ́lọ́, tí á wá fa èémí lójijì bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọrí lábẹ́ omi? Ṣé ó máa ń na ọrùn sẹ́yìn sùn, tó ń làágùn, tó ń yí kiri? Ṣé ó tún ti ń tọ̀lé lẹ́yìn tó ti jáwọ́ ńbẹ̀? Fídíò yẹn wúlò fún wa ju ọ̀pọ̀ àlàyé lọ. Ọmọ tó kàn ń hanrun yàtọ̀ sí ọmọ tí èémí rẹ̀ ń dúró lójú oorun. Ti èkejì yìí kì í ṣe ohun tí à ń fi falẹ̀.

Ẹ lè máa rò ó pé etí ló ń ṣọyún, kí ló wá kan imú? Ihò tẹ́ẹ́rẹ́ kan ti ẹ̀yìn imú lọ sí ẹ̀yìn ìlù etí, ìyẹn awọ fẹ́lẹ́ tó wà nínú etí. Òun ló ń gbé afẹ́fẹ́ wọ ibẹ̀. Ti ọmọdé kúrú, kò sì dagun tó ti àgbà, ìdí nìyẹn tí ọ̀fìnkìn fi ń tètè bá wọn wọ etí. Ẹran kan tún wà níbi tí imú àti ọ̀fun ti pàdé, adénọ́ìdì là ń pè é. Gbogbo ọmọ ló ní in. Láàárín ọdún 3 sí 7 ló sábà ń tóbi jù, lẹ́yìn náà á máa sún kì. Bó bá tóbi kọjá bó ṣe yẹ, á dí imú, ọmọ á máa fi ẹnu mí, á sì tún dí ẹnu ihò tó lọ sínú etí. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ohun kan ṣoṣo ló ń fa méjèèjì tí ẹ kọ yìí.

Ní ti àdí, ẹ bá mi bẹ màmá. Ìfẹ́ ọmọ ló mú wọn sọ bẹ́ẹ̀, àdí sì dára lára ọmọ. Ṣùgbọ́n etí tó ti ń ṣọyún látoṣù 3, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé ìlù rẹ̀ ti lu. Ohun tí ẹ bá dà sí i, inú lọ́hùn-ún ló ń lọ. Omi ọmú, ìtọ̀, ìyẹ́ adìyẹ, gbogbo wọn, ẹ má dán an wò. Èyí tó ń dùn mí jù ni gentamicin, ògùn kíkán tí wọ́n ń tà ní kẹ́mísìtì pé ó dára fójú, ó dára fétí. Bó bá gba ibi tí ìlù etí ti lu yẹn wọlé, ó lè ba ìgbọ́ràn jẹ́, èyí tó bá sì bàjẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í padà. Aṣọ òwú tó mọ́ ni kí ẹ lọ́ kó ṣe ṣóńṣó, ẹ rọra tì í sí ẹnu ihò etí kó fa ọyún náà, ẹ yọ ọ́, ẹ lọ́ òmíràn, títí tí yóò fi jáde ní gbígbẹ. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́. Kí omi má sì wọ ibẹ̀ tó bá ń wẹ̀.

Lọ́jọ́ tí ẹ bá ń lọ, ẹ mú lẹ́tà nọ́ọ̀sì dání, pẹ̀lú páálí gbogbo ògùn tó ti lò. Ohunkóhun tí ẹ ti kán sí etí náà, ẹ sọ ọ́, a ò ní bá yín jà. Ẹ sọ jẹ́nótáìpù rẹ̀. Ẹ sọ bó bá ṣẹ̀jẹ̀ jù nígbà tí wọ́n dákọ́ fún un. Ẹ bi olùkọ́ rẹ̀ pẹ̀lú bóyá ó máa ń dáhùn tí wọ́n bá pè é látẹ̀yìn. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí wọ́n ń nà pé olóríkunkun ni, kò gbọ́ ni.

Ẹ má purọ́ fún un pé ilé ìyá àgbà lẹ ń lọ. Ẹ sọ fún un pé yóò jókòó lórí itan yín, ẹ ó fi itan há ẹsẹ̀ rẹ̀, ẹ ó fi ọwọ́ kan gbá apá rẹ̀ mọ́ra, ẹ ó fi ìkejì di orí rẹ̀ mọ́ àyà. Dókítà á fi iná wo inú etí, á sì lè fi ẹ̀rọ fa ọyún ibẹ̀ jáde. Ariwo ẹ̀rọ yẹn ló ń dẹ́rù bà wọ́n jù. Á gbé irin pẹlẹbẹ tútù sábẹ́ imú rẹ̀. Èémí á mú kí irin náà ṣe kùrukùru lójú méjì, ọ̀kan fún ihò imú kọ̀ọ̀kan. Ihò tí tiẹ̀ kò bá ṣe kùrukùru ti dí. Ẹ lè fi ṣíbí bá a ṣe é nílé bí eré. Wọ́n lè ya X-ray láti ẹ̀gbẹ́. Wọ́n á tún yẹ ìgbọ́ràn rẹ̀ wò: á gbé ohun ìgbọ́ràn sétí, bó bá ti gbọ́ ohùn kan, á ju ìlẹ̀kẹ̀ sínú ife.

Iṣẹ́ abẹ kì í ṣe ti gbogbo ọmọ. Ògùn tí à ń fín símú àti àkókò ń tó fún ọ̀pọ̀ nínú wọn. Bí èémí bá ń dúró lóru, tàbí tí kò gbọ́ràn mọ́, a lè ní kí a yọ adénọ́ìdì náà. Ẹnu la ń gbà yọ ọ́, ọmọ á ti sùn, a kì í la ojú tàbí ọrùn rẹ̀.

Ṣùgbọ́n bí ẹ̀yìn etí rẹ̀ bá wú tó ti etí síwájú, tí ẹnu rẹ̀ wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, tàbí tí ara rẹ̀ gbóná tí ọrùn rẹ̀ sì gan, ẹ má dúró de ọjọ́ tí wọ́n dá fún yín. Ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ gbé e lọ sí ẹ̀ka pàjáwìrì. Bí etí náà bá sì gbẹ kó tó di ọjọ́ yẹn, ẹ ṣì gbé e wá, torí ìlù etí lè wà ní lílu síbẹ̀ lẹ́yìn tí ọyún bá dá.